Ṣé Kí Bàbá Ta Ilẹ̀ Mọ́níyà Nítorí Másítà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n wa, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ọdún iléyá.

HND ni mo ní nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, Upper Credit, láti ọ̀kan nínú àwọn pólì ilẹ̀ Yorùbá níbí. Mo ti sin ìlú tán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ kóòdù ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan n'Íbàdàn. Sọ́fítíwìà tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ṣírò owó ọmọ ẹgbẹ́ ni a ń ṣe: owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó, èlé, ìpín òpin ọdún. Mo mọ iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀gá mi sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nígbà tí ipò olórí wa ṣófo, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé pẹ̀lú M.Sc. Software Engineering ni wọ́n gbé e fún. Ọmọ dáadáa ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, àwọn ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí n kò gbọ́ rí, gbogbo ilé á sì dákẹ́ máa wò ó.

Mo wá sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ lọ ka másítà. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn á ta pọ́lọ́ọ̀tì méjì tí àwọn ní ní Mọ́níyà. Ọkọ mi kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta. Àǹtí mi tó wà ní Manchester ní kí n tètè máa bọ̀, kí a wá mójú tó ìyókù tí mo bá dé. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní òun ò rí ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́, nígbà tí AI ti ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀.

Ṣé kí n lọ? Ṣé òkè òkun ni àbí ilé? Ṣé HND mi ò ní dí mi lọ́wọ́? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, ṣé kò ti pẹ́ jù? Àti pé, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀ gan-an tí iṣẹ́ ò lè kọ́ mi?

Àbúrò yín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN



Kí á tó sọ nǹkan kan, má jẹ́ kí bàbá ta ilẹ̀ Mọ́níyà. Kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, nítorí bàbá tó lè ta ilẹ̀ nítorí ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ kò pọ̀. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ìwé ilẹ̀ náà padà síbi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Láti ọdún 2021 ni ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè ti ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́níyà. Ta ló ń ta ilẹ̀ ẹ̀bá ibùdókọ̀ ojú irin láyé ìsinyìí? Ọ̀nà tó lọ síbi oyè tí o ń wá yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tí o fi ṣe ìkẹyìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló gbé ìyókù dání. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Kì í ṣe kóòdù kíkọ. Ìyẹn lo ti mọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, àjọ NATO kó àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà jọ sí ìlú Garmisch ní Jámánì, àpérò yẹn ló sì sọ orúkọ náà, software engineering, di ohun tí ayé ń pè. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó mọ kóòdù kọ nígbà náà. Wọ́n wà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gan-an. Sọ́fítíwìà ńláńlá ló ń pẹ́ kọjá àdéhùn, tó ń jẹ owó kọjá èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, tó bá sì dé tán, kì í ṣe ohun tí ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ béèrè ni yóò bá níwájú rẹ̀. Ọbẹ̀ ilé yàtọ̀ sí ọbẹ̀ òde. Ẹni tí ọkọ àti ọmọ ń yìn nílé lè dójú ti ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sè fún ẹgbẹ̀rún àlejò. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń kọ́ ní másítà yìí: bí a ṣe ń mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ kí a tó tẹ lẹ́tà kan, bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kí àtúnṣe apá kan má ba apá kejì jẹ́, bí a ṣe ń fi ẹ̀rí hàn pé ohun tí a kọ ń ṣiṣẹ́, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ tí kò sì fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó sún mọ́ iṣẹ́ tìrẹ, màá sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Post Office ti Ìlú Ọba ní sọ́fítíwìà ìṣirò owó kan tó ń jẹ́ Horizon, ilé-iṣẹ́ Fujitsu ló ń bójú tó o. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń gbé e wọ àwọn ọ́fíìsì kéékèèké káàkiri ìlú àti abúlé. Àwọn tó ń ṣí ọ́fíìsì wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù. Aládàáni ni wọ́n, wọ́n sábà máa ń tajà mọ́ ọn, ìwọ ṣáà ronú àwọn tó ń ṣe POS ládùúgbò rẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Horizon á ní owó kò pé. Onítọ̀hún á ka owó ọwọ́ rẹ̀, á tún un kà, kò ní bá ti kọ̀ǹpútà mu. Àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ ní kí ó san án. Àwọn kan ta ohun ìní wọn, àwọn kan jẹ gbèsè lọ́dọ̀ ẹbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ó fi máa di 2015, àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi olè jíjà, jìbìtì tàbí ìwé owó èké ti lé ní 900. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, Fraser, tó sọ ọ́ jáde pé àṣìṣe wà nínú Horizon tó lè mú kí owó dàbí èyí tó sọnù, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè jókòó síbi tí wọ́n wà kí wọ́n wọ inú ìṣirò ọ́fíìsì onítọ̀hún, kí wọ́n yí i padà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tó fagi lé ìdálẹ́bi àwọn èèyàn náà lápapọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni pé kí ilé ẹjọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àfi tí ẹ̀rí bá wà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbo ni onísọ́ọ̀bù abúlé kan ti fẹ́ rí ẹ̀rí yẹn?

Àwọn tó kọ Horizon mọ kóòdù kọ, àbúrò mi. Wàyí o, padà sí ọ́fíìsì tìrẹ. Màmá oníṣòwò kan ní Bódìjà san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà sínú àkáǹtì alájẹṣẹ́kù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ségesège, akápò kò rí èsì, ó bá tún un tẹ̀. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni owó náà wọlé àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni pé kí owó kọ̀ọ̀kan tí akápò bá fẹ́ fi ránṣẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti orí fóònù rẹ̀ wá, kí sáfà kọ́kọ́ wò ó bóyá òun ti gba nọ́ńbà yìí rí; bí ó bá ti gbà á, kí ó dá èsì àkọ́kọ́ padà, kí ó má ṣe nǹkan kan mọ́. Bóyá ẹ tiẹ̀ ti ń ṣe ìyẹn. Ó dáa. Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ kan níbi iṣẹ́ yín lè wọ inú dátábéèsì lọ yí owó ọmọ ẹgbẹ́ padà? Bí ó bá yí i, ṣé àkọsílẹ̀ kankan á wà pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án, tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lè pa rẹ́? Bí ìjà bá dé láàárín màmá yẹn àti akápò, ta ni ẹgbẹ́ máa gbà gbọ́, kí sì ni sọ́fítíwìà yín máa sọ? Ẹni tó bá ń béèrè irú ìbéèrè báyìí kí wàhálà tó dé ni wọ́n ń wá fi ṣe olórí. Iṣẹ́ lè kọ́ ọ, òótọ́ ni. Àmọ́ owó àwọn ẹlòmíràn ni iṣẹ́ máa fi kọ́ ọ.

Ti àwọn ọ̀rọ̀ tí olórí yín tuntun ń sọ, má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́. Inú ìwé ni wọ́n ti wá, ìwé náà sì wà lọ́jà. Kí o tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, wá nǹkan méjì kà. Èkíní ni The Mythical Man-Month tí Fred Brooks kọ jáde ní 1975, lẹ́yìn tó ti ṣe ọ̀gá lórí iṣẹ́ sọ́fítíwìà ńlá kan ní IBM. Òun ló kìlọ̀ pé bí iṣẹ́ bá ti pẹ́, fífi èèyàn kún un á jẹ́ kó tún pẹ́ sí i, nítorí àwọn tuntun ni àwọn ti tẹ́lẹ̀ á máa kọ́ dípò kí wọ́n ṣiṣẹ́. (Àwọn ọ̀gá tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kún Ìbàdàn, wọ́n kún Èkó.) Èkejì ni àpilẹ̀kọ kan tí David Parnas gbé jáde ní 1972 lórí bí ó ṣe yẹ kí á máa pín ètò kọ̀ǹpútà sí ìsọ̀rí, kò ju ojú ìwé bíi mélòó kan lọ, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá kà wọ́n tí o ń rẹ́rìn-ín, tí o ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín lóṣù tó kọjá, ẹ̀kọ́ yìí bá ọ mu. Bí oorun bá gbé ọ lọ, fi owó rẹ sápò.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo kóòdù tó ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ tí o tún ṣe, gbogbo akápò tó ti pè ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àkísà rẹ nìyẹn. Mo ti rí i ní kíláàsì: ẹni tó ti yunifásítì bọ́ sí másítà tààrà á há ohun tí wọ́n sọ nípa ìtọ́jú sọ́fítíwìà sórí, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ á bá olùkọ́ jiyàn. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni ẹ̀kọ́ yẹn wà.

Ó wá kan ibi tí o máa lọ. Orúkọ tí wọ́n kọ sára oyè lè tan èèyàn. Ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ másítà kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe fún àwọn tó ka nǹkan mìíràn, ìtàn tàbí ìmọ̀ òfin, tí wọ́n sì fẹ́ yà wá sídìí kọ̀ǹpútà. Conversion ni wọ́n ń pè é. Bí o bá bọ́ sínú irú rẹ̀, oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọn yóò fi kọ́ ọ ní ohun tí o ti mọ̀ ní ND. Béèrè orúkọ gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí o ń wá ni ẹ̀kọ́ lórí mímọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́, lórí yíyàwòrán ètò ńlá, lórí àyẹ̀wò àti ẹ̀rí, lórí ìtọ́jú kóòdù àtijọ́, àti iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe fún oníbàárà gidi níta. Bí o bá rí i pé èdè kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti bí a ṣe ń ṣe wẹ́ẹ́bùsáìtì ló gba ọdún náà tán, kọjá.

Àǹtí ní kí o máa bọ̀, kí ẹ wá mójú tó ìyókù tí o bá dé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máà mọ̀ pé láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá lọ ka másítà tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì ní Ìlú Ọba kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó ń ṣe oyè ìwádìí àti àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn nìkan ni wọ́n ṣì gbà láyè. Ọmọ ọdún mẹ́ta rẹ á dúró n'Íbàdàn nìyẹn, ó kéré tán fún ọdún kan. Àwọn ìyá kan ti ṣe é, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kí ìwọ àti ọkọ rẹ ti jókòó sọ ọ́ kí o tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ó máà jẹ́ pápákọ̀ ni ẹ ti máa gbọ́. Ní ti owó, ilé-ẹ̀kọ́ lè gba £15,000 títí dé £30,000 lọ́wọ́ àjèjì. Àwọn tó ń fúnni ní físà á tún fẹ́ rí owó oúnjẹ oṣù mẹ́sàn-án, ó lé ní £1,100 lóṣù kan fún ẹni tí kò gbé ní London, kí ó sì ti wà ní báńkì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láì dín. Owó ìlera ń bẹ níbẹ̀, £776 fún ọdún kan. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọdún méjì ni físà Graduate fi ń jẹ́ kí ẹni tó gba másítà dúró ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2027, oṣù méjìdínlógún ni.

Jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ fún ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìrìnàjò ló wà lọ́kàn ìwọ àti ọkọ rẹ, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ pè é ní ìrìnàjò, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ bí ìrìnàjò: ta ló ń lọ, ìgbà wo ni ìyókù á bá a, kí ni a ó ṣe bí físà bá tán kí iṣẹ́ tó dé. Ibi tí mo ti ń rí àwọn èèyàn tó ń sunkún ni ibi tí wọ́n ti fi ìrìnàjò pa mọ́ sábẹ́ ìwé kíkà. Wọn kì í ráyè kàwé, wọn kì í sì í rìn ín bó ṣe yẹ.

Òkè òkun tí kò gba ilẹ̀ wà. Jámánì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àjèjì, àfi ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg tó ń gba €1,500 ní sẹ̀mẹ́sítà kan, àti àwọn bíi TU Munich tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n á ní kí o ti €11,904 mọ́ inú àkáǹtì kan, kí o máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún àkọ́kọ́. Nílẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, Carnegie Mellon ti ṣí ẹ̀ka sí Kigali ní Rwanda láti ọdún 2011, Mastercard Foundation sì ń ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò mọ ìdí tí àwọn ọmọ wa fi máa ń fo Kigali kọjá bí ẹni pé kò sí lójú máàpù. Erasmus Mundus náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní €1,400 lóṣù, tí wọ́n á fi ka oyè kan ní yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta ní Yúróòpù. Chevening tí ìjọba Ìlú Ọba ń sanwó rẹ̀ ń béèrè wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí o ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí o padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìyẹn lè má jẹ́ ìṣòro fún ìyá ọmọ tó fẹ́ padà wá bá ọmọ rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún irú yín tí ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ti Georgia Tech, ní Atlanta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adénikẹ̀ẹ́ Òṣófisàn tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà rìn dé ibẹ̀ láti ka másítà tirẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2014, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ti gbé másítà ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: kọ́ọ̀sì mẹ́wàá, o lè máa ṣe ọ̀kan ọ̀kan lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi $7,000. Computer Science ló ń jẹ́, kì í ṣe Software Engineering, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ọ̀sì tí mo kà sílẹ̀ fún ọ lókè yẹn pọ̀ níbẹ̀. Wàá nílò dátà, wàá nílò iná. Mo mọ Mọ́kọ́lá, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

HND rẹ ni a ó bá yanjú kí ilẹ̀kùn wọ̀nyí tó lè ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń béèrè oyè àkọ́kọ́ yunifásítì. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ń gba HND pẹ̀lú ọdún iṣẹ́, àwọn kan kì í fẹ́ fojú kàn án. Kọ̀wé sí wọn tààrà, má gba ti ẹni tó ń fi ọ́fíìsì ìgbanisílé-ẹ̀kọ́ jẹun gbọ́. Nílé níbí, PGD (Postgraduate Diploma) ni wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ ṣe. Àìdọ́gba HND àti B.Sc. yìí jẹ́ ohun tí mo kórìíra dé ìdí ọkàn. Mo ti bá ọmọ pólì ṣiṣẹ́ tó tún ohun tí àwọn ọmọ yunifásítì bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ìkórìíra mi kò ní gba fọ́ọ̀mù fún ọ. Lọ ṣe PGD náà. Wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú èrò láti gba máàkì tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí o kọjá sí M.Sc., kì í ṣe máàkì ìyege lásán, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí.

Nítorí náà, ohun tí èmi rí fún ọ ni pé kí o bẹ̀rẹ̀ PGD nílé, nígbà tí owó oṣù rẹ ṣì ń wọlé, tí ọmọ rẹ ṣì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ìbàdàn kọ́ ni kò ní yunifásítì. Àwọn yunifásítì wa sábà máa ń fi ẹ̀kọ́ yìí sábẹ́ Computer Science ní ipele másítà, má jẹ́ kí ìyẹn dá ọ dúró. Olùkọ́ ni kí o fi yan ilé-ẹ̀kọ́; wá ohun tí wọ́n ti kọ jáde kà, kí o mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò sọ́fítíwìà tàbí ìtọ́jú rẹ̀ ká lára. Fi ìyanṣẹ́lódì sínú ìṣirò rẹ pẹ̀lú. Ní 2022, láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà nílé, akẹ́kọ̀ọ́ másítà náà sì jókòó tì wọ́n. Bí o bá gba PGD tán tí Kigali tàbí Georgia pè ọ́, máa lọ. Bí wọn ò bá pè ọ́, tẹ̀síwájú níbi tí o wà.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń sọ̀rọ̀ AI kò parọ́. Ẹ̀rọ ń kọ kóòdù, ó sì ń yára. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kóòdù kíkọ nìkan ni ọgbọ́n rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wá nǹkan kún un. Ẹ̀rọ náà á kọ ohun tó máa ka owó màmá Bódìjà lẹ́ẹ̀mejì, á kọ ọ́ dáadáa, kò sì ní sùn lé e lórí. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò tó sì máa fọwọ́ sí i ni a ń wá.

Ó ku ohun kan tí o kò béèrè, òun ló sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójijì: iṣẹ́ ìwádìí. Ọ̀pọ̀ máa ń dúró títí ọdún á fi tán kí wọ́n tó wá àkọlé, wọ́n á wá mú ohun tí gbogbo èèyàn ti ṣe. Ìwọ ní tìrẹ lọ́wọ́ báyìí. Wo orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ inú sọ́fítíwìà yín. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní àmì kankan lórí. Unicode tí kọ̀ǹpútà ayé fi ń kọ lẹ́tà fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ó fún é àti ò ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo, àfi kí á tò ó pọ̀. Ẹnìkan lè tẹ ọ kí ó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ ò kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹnìkẹta á tẹ o lásán, á wá fi méjèèjì kún un. Lójú tìrẹ, lẹ́tà kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akápò á wá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, sọ́fítíwìà á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, akápò á ṣí àkáǹtì tuntun fún un. Obìnrin kan ti wá ní àkáǹtì méjì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín èrè ọdún, tàbí tó bá fẹ́ yáwó lórí ohun tó ti kó jọ, ìjà dé. Bí ẹ bá sì ti fi iye lẹ́tà dí àyè orúkọ, orúkọ tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́wàá lójú èèyàn lè lé ní mẹ́wàá lójú ẹ̀rọ, á sì gé e láàárín.

Unicode fúnra rẹ̀ ti ṣe òfin bí a ṣe ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan kí a tó tọ́jú wọn. Sọ́fítíwìà mélòó nílẹ̀ wa ló ń pa òfin náà mọ́? Ìgbà tí wọn kò bá pa á mọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí owó? Báwo ni èèyàn ṣe lè kọ àyẹ̀wò tí yóò tú u jáde kí akápò tó rí i? Èyí ṣeé wọ̀n, ó ṣeé ṣe láàárín oṣù díẹ̀, ó sì jẹ́ ti wa. Alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́. Gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ kí o tó fọwọ́ kan orúkọ oníbàárà kankan; bí wọn ò bá gbà, fúnra rẹ ṣẹ̀dá orúkọ tí wàá fi dán an wò.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán, lọ béèrè transcript rẹ ní pólì. Má dúró de fọ́ọ̀mù. Transcript ti já ọ̀pọ̀ èèyàn jù sílẹ̀ ju HND lọ. Bí o bá débẹ̀, yà kí àwọn olùkọ́ rẹ méjì tí wọ́n lè kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ. Má kàn kí wọn pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kí o tó na fọ́ọ̀mù sí wọn. Tẹ ojú ìwé kan dání tó sọ ohun tí o ti ń ṣe láti ìgbà tí o ti jáde: sọ́fítíwìà wo, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mélòó ló ń lò ó, kí lo tún ṣe nínú rẹ̀. Olùkọ́ tó ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kò lè rántí ọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí o bá kọ sínú ìwé yẹn ni yóò kọ nípa rẹ.